Àwọn tó ń pọntí nínú gáréèjì l'Amẹ́ríkà: ògiri ló ń parí ìjà tọkọtaya

Tí wọ́n bá dárúkọ gáréèjì létí ará Èkó tàbí ará Ìbàdàn, ibi táwọn awakọ̀ ti ń pe èrò ló máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn, níbi tí àgbèrò ti ń gbowó, tí oníbúrẹ́dì àti olómi tútù ń sáré tẹ̀lé mọ́tò. Tàwọn ará Amẹ́ríkà yàtọ̀. Yàrá kan tí wọ́n kọ́ mọ́ ara ilé ni wọ́n ń pè ní gáréèjì, tó ní ilẹ̀kùn gàgàrà níwájú, tí mọ́tò ń sùn sí. Ṣùgbọ́n ká má parọ́, nínú ọ̀pọ̀ ilé, mọ́tò ò ráyè sùn síbẹ̀ mọ́. Kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko wà níbẹ̀, àpótí ẹrù tí wọn ò tíì tú látọjọ́ tí wọ́n ti kó délé náà wà níbẹ̀. Ibẹ̀ yìí kan náà ni baálé ilé mìíràn tún sọ di ilé ìpọntí.

Ọ̀rọ̀ àwàdà kọ́ o. Bíà gidi, tó ń hó, tó ń yọ fóòmù funfun lórí, ni wọ́n ń pọn síbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe é lè jẹ́ tíṣà, ó lè jẹ́ akọ̀wé báńkì, ó lè jẹ́ ẹni tó ń wa tírélà. Tó bá ti di Sátidé, á bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀, á gbé ìkòkò kaná, ó di ọ̀gá apọntí nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ò le. Ọkà báálì tí wọ́n ti rẹ sómi títí tó fi hù, tí wọ́n sì ti sá gbẹ, ni wọ́n máa lọ̀. Wọ́n á dà á sínú omi gbígbóná kí adùn inú rẹ̀ lè jáde. Wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀, wọ́n á sè é fún bíi wákàtí kan pẹ̀lú hops, òdòdó kan tó ń korò. Wọ́n á mú kó tutù kíákíá, wọ́n á da ìwúkàrà sí i, wọ́n á sì gbé e kalẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ìyá oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó bá gbọ́ èyí á rẹ́rìn-ín, nítorí àgbàdo tó hù lòun náà fi ń pọn tiẹ̀. Ohun tí òyìnbó ń náwó rẹpẹtẹ lé lórí lónìí, iṣẹ́ àwọn ìyá wa ni látọjọ́ tó ti pẹ́.

Nígbà kan, ẹni tó bá dán irú ẹ̀ wò l'Amẹ́ríkà, ìjọba lè gbé e. Lọ́dún 1920 ni òfin tó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ọtí, kó má sì tà á, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, wọn ò fagi lé e títí di oṣù kejìlá, ọdún 1933. Nígbà tí wọ́n sì máa tú àwọn èèyàn sílẹ̀, wọ́n rántí àwọn tó ń ṣe wáìnì nínú ilé, wọ́n gbàgbé àwọn tó ń pọn bíà. Ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 1978 ni Ààrẹ Jimmy Carter tó fọwọ́ sí òfin tó gbà wọ́n láyè, òfin ọ̀hún sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kejì, ọdún 1979. Síbẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tiẹ̀. Alabama àti Mississippi ló gbẹ̀yìn pátápátá, ọdún 2013 ni wọ́n tó gbà.

Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé àgbàlagbà kan ṣoṣo nínú ilé ò gbọdọ̀ pọn ju 100 gálọ́ọ̀nù lọ lọ́dún. Tí wọ́n bá pé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò gbọdọ̀ kọjá 200. Wọn ò sì gbọdọ̀ tà á. Gálọ́ọ̀nù tiwọn 200 yẹn tó lítà 757. Ẹni tó bá fi ìgò bíà ńlá ti Nàìjíríà wọ̀n ọ́n, èyí tó gba 60cl, á rí i pé ó lé ní 1,200 ìgò. Ẹ gbọ́ ná, níbo ni tọkọtaya fẹ́ kó ohun èlò tó ń ṣe 1,200 ìgò bíà sí, nínú ilé tó lọ́mọ, tó lájá, tó tún ní mọ́tò méjì?

Ibi tí ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí ẹni náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìkòkò kan ni, ike kan, rọ́bà kan, inú kíṣìnnì ló sì ti ń ṣe é. Ìyàwó ò bínú, ó tiẹ̀ ń bá a rẹ́rìn-ín. Ó wá di ọjọ́ kan, omi àdídùn yẹn hó, ó dà sórí sítóòfù, ó lẹ̀ mọ́ ọn pin-in, gbogbo ilé ń rùn bíi ilé iṣẹ́ ọlọ́tí. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti ní kó gbé gbogbo palaba rẹ̀ lọ sí gáréèjì. Ọ̀pọ̀ apọntí ibẹ̀ ni kò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé gáréèjì, ìyàwó ló lé e dé ibẹ̀. Ká sì tó gbàgbé, àwọn obìnrin náà ń pọn ọ́n, ọkọ ló sì ń ráhùn nínú ilé tiwọn. Ọ̀rọ̀ náà ò mọ akọ, kò mọ abo.

Tó bá ti dé gáréèjì, ẹrù á bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Ìkòkò kan á di mẹ́ta. Ike á di mẹ́fà. Ìgò á kún inú páálì. Rọ́bà á ká mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ọmọ. Lọ́jọ́ tó bá fẹ́ pọntí, á máa wá tẹmómítà kiri nígbà tí omi ti ń hó lórí iná. Hydrometer, ohun èlò gílàásì tín-ín-rín tí wọ́n fi ń mọ bí adùn inú ọtí ṣe pọ̀ tó, á yí bọ́ láti orí àpótí, ó fọ́ nìyẹn. Ìyàwó fẹ́ gbé mọ́tò wọlé nítorí yìnyín, kò ráyè. Ọ̀rọ̀ dé, ariwo ta.

Ilẹ̀ gáréèjì ní olówó. Mọ́tò ló ni apá kan, àwọn ọmọ ló ni apá kan, ìyàwó ló ni èyí tó kù. Ògiri nìkan ló ṣófo. Ẹni tó bá gbọ́n nínú àwọn apọntí wọ̀nyí, òkè ló ń wò, kò wo ilẹ̀. Tó bá to ògiri rẹ̀ dáadáa, ọtí rẹ̀ á dáa, ilé á tòrò, ẹ̀mí rẹ̀ á sì gùn. Ẹ má rò pé àsọdùn ni ọ̀rọ̀ ẹ̀mí tó wà níparí yẹn. Ó ń bọ̀ níwájú.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ògiri tí à ń sọ. Ẹni tó kọ́lé sí Agége tàbí Òṣogbo mọ̀ pé búlọ́ọ̀kù ni ògiri, tí wọ́n bá kan ìṣó mọ́ ọn, ó mú nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé Amẹ́ríkà, igi ni wọ́n nà ró, íǹsì 16 ni wọ́n sábà máa ń fi sáàárín igi kan sí èkejì. Wọ́n á wá fi nǹkan fẹ̀ǹfẹ̀ tó dà bíi páálì, tó ní ẹfun láàárín, bò ó lójú. Ẹni tó bá kan ìṣó mọ́ páálì ẹlẹ́fun yẹn lásán, tó wá gbé ìkòkò irin kọ́ ọ, kó má yà á lẹ́nu tó bá gbọ́ gbàà lóru. Ara igi inú ògiri ni ìṣó gbọ́dọ̀ mú. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi ìka kan ògiri títí wọ́n á fi gbọ́ ibi tí ohùn rẹ̀ ti yí padà, tàbí kí wọ́n lo ẹ̀rọ kékeré tó ń wá igi. Wọ́n á wá fi ìṣó oníyíyí de pákó gbọọrọ kan mọ́ igi bíi mẹ́ta tàbí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Ara pákó yẹn ni wọ́n á máa kọ́ gbogbo nǹkan sí.

Ìkìlọ̀ méjì ló wà níbí. Àkọ́kọ́, ògiri tí gáréèjì fi kan ilé, òun ló ń dá iná dúró tí gáréèjì bá gbaná. Nítorí rẹ̀ ni òfin ìkọ́lé fi sọ bí páálì ẹlẹ́fun tó wà lára rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó. Ìṣó ò ba ìyẹn jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ihò ńlá sí i nítorí àtigba páìpù tàbí nítorí kó lè ti kọ́bọ́ọ̀dù bọ inú rẹ̀, ọ̀nà ló là fún iná yẹn. Ìkejì, ìgò gílàásì ràbàtà tí bíà ń hó nínú rẹ̀, èyí tó gba gálọ́ọ̀nù márùn-ún, tó bá kún, ó wúwo tó kìlò 25. Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń gbé sórí pẹpẹ ara ògiri. Ilẹ̀ ni ilé tirẹ̀. Tó bá já bọ́ láti òkè, àfọ́kù rẹ̀ á ṣe ẹsẹ̀ èèyàn bí ọ̀bẹ.

Ó wá ku ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ gorí ògiri. Ọ̀pọ̀ wọn, tí wọ́n bá ti kun ògiri tán, páálí bíà àti iná aláràbarà ni wọ́n máa ń sáré lọ rà. Wọ́n ti ṣì í. Ohun tó máa gba ẹ̀mí là ló ń ṣáájú.

Bọ́nà gáàsì ńlá tí púpọ̀ nínú wọn fi ń se omi yẹn, ìta gbangba ni wọ́n ṣe é fún. Nígbà tí òtútù January bá ń gé ara bí abẹ, ẹlòmíì á ní kóun gbé e wọlé, á sì fa ilẹ̀kùn gáréèjì wálẹ̀. Èéfín olóró kan wà tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, èèyàn ò ní mọ̀ tó bá ń wọ òun lára. Ẹ̀fọ́rí ló máa ń kọ́kọ́ mú wá, òòyì á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà oorun. Ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ò nílò àlàyé tó gùn. Ìdílé tó tan jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀, tí wọ́n sùn, tí ilẹ̀ mọ́ tí wọn ò jí mọ́, èéfín kan náà ni. Gáréèjì sì lẹ̀ mọ́ ilé, èéfín tó bá kún ibẹ̀ lè gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá àwọn ọmọ.

Kí wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀ kò tó. Ìta ni kí wọ́n ti máa tan bọ́nà gáàsì. Ẹni tó bá fẹ́ máa se tiẹ̀ nínú gáréèjì, ìkòkò tó ń lo iná mànàmáná ni kó rà, kó sì fi fáànù sára ògiri tó máa gbé oruku rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn ìyẹn náà, kí ẹ̀rọ kékeré tó máa ń pariwo tó bá gbọ́ èéfín yẹn wà nínú ilé, kí wọ́n gbé e kọ́ síbi tí ìwé tó bá a wá bá ní kí wọ́n gbé e kọ́ sí. Kí sílíńdà pupa tí wọ́n fi ń paná wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Kó má ṣe wà lẹ́yìn ìkòkò o, torí ta ló máa la iná kọjá lọ mú ohun tó fẹ́ fi paná?

Ṣéènì náà wà lára ohun tí ògiri gbọ́dọ̀ ní. Àwọn tó ń fi afẹ́fẹ́ sínú bíà máa ń lo sílíńdà carbon dioxide, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì le bí ìbọn. Tí sílíńdà bá ṣubú tí ọrùn rẹ̀ ṣẹ́, ó lè fò kó gba inú ògiri kọjá. Ṣéènì kan tí wọ́n dè mọ́ igi inú ògiri, tí wọ́n fi há a nídìí àti láyà, ọ̀rọ̀ parí. Kí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí omi sì jẹ́ irú èyí tó ń gé iná fúnra rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ tí iná bá fẹ́ gba ara èèyàn kọjá. Ibi tí omi bá ti ń ta sí ògiri, kí wọ́n fi ike pẹlẹbẹ tàbí ọ̀dà tó ń dán bò ó, kí wọ́n lè máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Páálì ẹlẹ́fun tí oruku bá ń kàn lójoojúmọ́ á bu ni, dúdú dúdú á máa hù lára rẹ̀, òórùn rẹ̀ á sì máa bá ọtí gbé.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ló kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Wọ́n máa ń pín ògiri bí iṣẹ́ ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Ọ̀tọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ti ń se nǹkan, ọ̀tọ̀ ni ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọtí ti ń hó ní tútù. Ọmọrogùn ńlá, asẹ́, àrọ àti ìbọ̀wọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò. Rọ́bà, ìdérí àti gbogbo ohun tó máa fara kan ọtí lẹ́yìn tó bá ti tutù wà ní ògiri kejì. Ìdí wà tí wọn kì í fi í pò wọ́n pọ̀. Kòkòrò àìrí tó ń mú nǹkan kan wà lára èèpo ọkà báálì. Ibi tí wọ́n bá ti ń lọ̀ ọ́, eruku rẹ̀ máa ń fò kiri. Tó bá bà lé rọ́bà tí wọ́n ti fọ̀ mọ́, ọtí tó yẹ kó dùn á kan bí ògì ọjọ́ karùn-ún. Ẹni náà á máa bú ìwúkàrà, kò mọ̀ pé ibi tóun gbé ẹ̀rọ ìlọkà kọ́ ló da nǹkan rú.

Rọ́bà pàápàá ní bí wọ́n ṣe ń gbé e kọ́. Ẹni tó bá ká a bí okùn tó fi kọ́ ìṣó, omi á jókòó sí ìsàlẹ̀ ibi tó ká, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ó ti ń yọ̀. Orí ìṣó méjì ni wọ́n ń fi rọ́bà há, kí ẹnu rẹ̀ méjèèjì dojú kọ ilẹ̀, kí omi ro dànù, kí afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù bàbà tí wọ́n ká bí ejò, tí wọ́n fi ń mú omi gbígbóná tutù. Tó bá wà lára ògiri, ó gbẹ, kò sì tẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń sọ pé òun tiẹ̀ lẹ̀ṣọ́ tó wù àwọn jù, nítorí tí iná bá kàn án, á máa tàn bí ìlẹ̀kẹ̀.

Pákó onihò wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní pegboard ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe gbogbo èyí. Wọ́n á ki irin kékeré bọ ihò rẹ̀, wọ́n á gbé nǹkan kọ́ ọ, ọjọ́ tó bá wù wọ́n ni wọ́n lè ṣí i sí ibòmíràn. Ẹni tó fi pákó yìí ṣe ohun tí gbogbo ayé ń sọ kì í ṣe apọntí rárá. Paul Child ni, ọkọ Julia Child, obìnrin tó fi tẹlifíṣọ̀n kọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà ní oúnjẹ Faransé. Nínú ilé wọn ní Cambridge, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ó kan pákó onihò mọ́ ògiri kíṣìnnì, ó gbé ìkòkò àti páànù ìyàwó rẹ̀ kọ́ ọ, ó wá fi ìlà ya àwòrán ìkòkò kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀. Tí wọ́n bá mú ìkòkò kan kúrò, òjìji rẹ̀ á ṣẹ́ kù lára ògiri, á máa sọ pé, "Ẹ dá mi padà síbí." Lọ́dún 2001 ni Julia Child fi kíṣìnnì náà ta Smithsonian lọ́rẹ. Ibẹ̀, ní Washington, làwọn èèyàn ti ń lọ wò ó.

Ẹ̀kọ́ ńlá ló wà nínú ìlà yẹn fún àwọn tó ń pọntí. Tí nǹkan bá ti ní àwòrán lára ògiri, kò sí pé ta ló gbé e. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tó mú àrọ lọ fi rọ omi á mọ ibi tó máa dá a padà sí. Ìyàwó tó ń tún gáréèjì ṣe kò ní kó nǹkan ọkọ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti koríko. Ọkọ náà ò sì ní dúró sẹ́nu ọ̀nà kó máa pariwo pé, "Ta ló mú tẹmómítà mi?" Ojú kan wò ó, ó rí ohun tó ṣófo. Ìjà tí ìlà ọ̀dà lásán ti parí nínú ilé, alárinà ò lè parí rẹ̀ lóṣù mẹ́ta.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá ti wà nípò ni ọ̀rọ̀ ẹ̀ṣọ́ tó wọlé. Àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn ẹ̀ṣọ́ o! Agolo bíà àtijọ́ wà lára ohun tí wọ́n ń tò sórí pẹpẹ. Ọjọ́ 24, oṣù kìíní, ọdún 1935 ni ilé iṣẹ́ Krueger kọ́kọ́ ta bíà inú agolo, ní ìlú Richmond, ìpínlẹ̀ Virginia. Látìgbà náà làwọn kan ti ń kó agolo jọ bí ẹni ń kó owó jọ. Tíréè irin àti páálí tí àwọn ilé iṣẹ́ ọtí fi ń polówó láyé àtijọ́ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, owó ńlá sì ni wọ́n fi ń ra ògbólógbòó rẹ̀. Àwọn mìíràn ń lo ìdérí ìgò tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀kì, èyí tí William Painter ti ìlú Baltimore gba ìwé àṣẹ rẹ̀ lọ́dún 1892. Wọ́n á kan ọ́púnà mọ́ ògiri, wọ́n á fi mágínẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀, kọ́ọ̀kì tó bá já á lẹ̀ mọ́ ọn. Tó bá pọ̀, wọ́n á fi lẹ àwòrán sára pákó. Ó rẹwà, kò sì náni lówó.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣọ́ mìíràn ń ba ọtí jẹ́. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn tàbí ti iná gbọọrọ tó bá ń kan bíà máa ń dìde sí hops inú rẹ̀, bíà náà á sì máa rùn bíi skunk, ẹranko ilẹ̀ wọn kan tí òórùn rẹ̀ ń lé ajá. Ìdí nìyẹn tí ìgò aláwọ̀ ilẹ̀ fi dáa ju funfun tàbí aláwọ̀ ewé lọ. Ẹni tó wá to ìgò rẹ̀ sójú fèrèsé kí àlejò lè rí i, tó tún tan iná gbọọrọ lé e lórí tọ̀sán-tòru, ẹ̀ṣọ́ ló ń ṣe, kì í ṣe ọtí. Ògiri tí oòrùn ń là ní ìrọ̀lẹ́ náà kò dáa fún ọtí tó ń hó. Púpọ̀ nínú bíà tí wọ́n ń pè ní ale ń fẹ́ ibi tó wà láàárín 18 sí 22 lórí òṣùwọ̀n Celsius, gáréèjì ìpínlẹ̀ Texas nígbà ẹ̀ẹ̀rùn sì gbóná ju ìyẹn lọ fíìfíì. Tẹmómítà ògiri tí wọ́n rà ní owó kékeré wúlò ju iná aláràbarà lọ níbẹ̀. Hops gbígbẹ tí wọ́n fi ṣe ọ̀ṣọ́ rọ̀ sókè, kó máa wà níbẹ̀ fún ojú. Èyí tí wọ́n máa fi pọntí, inú fíríìsà ló ń gbé.

Ẹ̀ṣọ́ kọ́ ló ń sọni di apọntí. Ken Grossman ṣí ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta ohun èlò ìpọntí inú ilé ní ìlú Chico, ìpínlẹ̀ California, lọ́dún 1976. Nígbà tó di ọdún 1980, òun àti Paul Camusi dá ilé iṣẹ́ Sierra Nevada sílẹ̀. Àlòkù ẹ̀rọ tí wọ́n ti fi ṣiṣẹ́ mílíìkì ni wọ́n tún ṣe tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lónìí, gbogbo Amẹ́ríkà ló mọ bíà wọn. Ohun tó gbé wọn dé ibẹ̀ ni pé ọtí wọn dára lónìí, ó tún dára lọ́la.

Ìdí nìyẹn tí ohun tó níye lórí jù lára ògiri gáréèjì fi jẹ́ pátákó dúdú tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sí. Ọjọ́ tí wọ́n pọn ọ́n, irú ọkà tí wọ́n lò, bí omi ṣe gbóná tó, ọjọ́ tí wọ́n da ìwúkàrà sí i, ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n rọ ọ́ sígò, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọtí gálọ́ọ̀nù márùn-ún máa ń tó bí àádọ́ta ìgò kékeré. Ẹni tó bá pọn ọtí tó dùn jù láyé rẹ̀, tí kò kọ ohun tó ṣe sílẹ̀, tí àádọ́ta ìgò yẹn bá ti tán, ó tán nìyẹn. Kò ní rí irú ẹ̀ pọn mọ́.

Ilé Ààrẹ pàápàá ò fi ọwọ́ kékeré mú ọ̀rọ̀ kíkọ sílẹ̀. Lọ́dún 2011, nígbà tí Barack Obama ń ṣe Ààrẹ, wọ́n pọn bíà nínú White House, oyin tí wọ́n fi sí i sì wá láti ilé oyin tó wà nínú ọgbà ibẹ̀. Àwọn èèyàn ń béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, ọdún 2012, ìjọba gbé ìwé rẹ̀ jáde fún gbogbo ayé, ìwọ̀n ohun gbogbo tí wọ́n lò wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá wù lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri gáréèjì rẹ̀. Ìyẹn náà, ẹ̀ṣọ́ ni, ó sì tún wúlò.

Ẹni tó bá wọ pálọ̀ Yorùbá mọ̀ pé ògiri ń sọ̀rọ̀. Fọ́tò ìgbéyàwó, kàlẹ́ńdà òkú àgbà, ìwé ẹ̀rí ọmọ tó jáde ní Pólì, àlejò ò tíì jókòó tó ti mọ irú ilé tóun wọ̀. Ti gáréèjì apọntí náà kò yàtọ̀. Bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìgò ọtí àkọ́kọ́ tí wọ́n pọn, tí wọ́n gbé sínú férémù pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, sàn ju ogún páálí tí wọ́n rà lọ́jà lọ. Òun nìkan ni kò sí lára ògiri ẹlòmíràn.

Àlejò tí wọ́n bá pè wá mu ọtí nínú irú gáréèjì bẹ́ẹ̀, kó má tíì gba kọ́ọ̀bù. Ògiri ni kó kọ́kọ́ wò. Tó bá rí iná aláràbarà méje, tí kò rí ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ èéfín, tí sílíńdà dúró láìní ṣéènì, tí rọ́bà ká bí ejò tí omi wà nínú rẹ̀, kó yáa ní òun ń lo oògùn, òun ò mu ọtí lónìí. Ṣùgbọ́n tó bá rí ohun gbogbo níbi tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sí, tí pátákó dúdú kún fún ọjọ́ àti òǹkà, tí mọ́tò ìyàwó sì ráyè wọlé, kó fi ọkàn balẹ̀ kó jókòó. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ kì í ṣeni ní jàǹbá, ẹni tó sì pọn ọ́n ṣì ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó rẹ̀.